Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Káfíńtà Onípáànù: Ẹ Jẹ́ Kí Ìkìlọ̀ Ìjì Tètè Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tó Wà Lórí Òrùlé

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, àwọn Káńsẹ́lọ̀ gbogbo wáàdù, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ kú àmójútó wa. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ni ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà tó ń kan páànù sórí ilé ní Èbúté Mẹ́tta, Òyìngbò, Yábàá àti Ìwàyà, títí dé etí omi ní Mákòókò. Àtọ̀gá àtọmọ iṣẹ́, gbogbo wa la fẹnu kò ní ìpàdé tó kọjá pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, ká yéé máa sọ ọ́ láàárín ara wa nìkan nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá já bọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ ni. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n arọ náà ní láti kọ́kọ́ gbọ́, kó sì gbọ́ nígbà tí àyè ṣì wà láti kúrò lójú ọ̀nà. Àwa kì í gbọ́.

Ìkìlọ̀ wà o. NiMet, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 láti máa wo ojú ọjọ́, máa ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbé ìròyìn ojú ọjọ́ jáde lójoojúmọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà máa ń pe àwọn oníròyìn jọ lọ́dọọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èdè Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n ló sì máa ń wà. Káfíńtà tó ti gun òkè láago mẹ́jọ àárọ̀, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò irinṣẹ́ nísàlẹ̀, hámà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Ta ni yóò kà á fún un?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Pẹtẹ́ẹ̀sì alájà méjì kan ni à ń bò ní Ìwàyà, níbi tí kò sí igi, tí kò sí ilé gíga kankan láàárín ẹni àti ọ̀sà. Ooru mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a bọ́ ẹ̀wù. Nígbà tó di bí aago méjì ọ̀sán, òjò ṣú láti ìhà ọ̀sà, ó dúdú bí aró, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì ń ràn lórí tiwa. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ní ká sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa dúró nísàlẹ̀, ó ní páànù mẹ́rin péré ló kù, bí òjò bá wọlé tó ba nǹkan òun jẹ́, àwa la ó san án. A padà sẹ́nu iṣẹ́. Atẹ́gùn tútù kan kọ́kọ́ fẹ́, ara tù wá. Kò pẹ́ tí ìjì fi dé. Ọmọ iṣẹ́ wa kan, ọmọ ọdún 19, di etí páànù kan mú, páànù tó gùn tó mítà mẹ́fà, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ní ìṣó méjì. Ìjì wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí i sókè bí ẹní ń ṣí ìwé. Ọmọ náà kò fi í sílẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí páànù bá bà jẹ́, owó òun ni wọ́n á yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ó bá páànù lọ sílẹ̀. Orí òkìtì yanrìn ló balẹ̀ sí, ìyẹn ni Ọlọ́run fi yọ ọ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ dá síbi méjì, páànù sì ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Títí di òní, kò lè gbé apá náà kọjá èjìká, iṣẹ́ tó kọ́ fún ọdún mẹ́ta sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ìkìlọ̀ ìjì ti jáde. Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń lọ sí yunifásítì ló fi hàn wá lórí fóònù rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí a jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú. Ọ̀gá ọmọ náà ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin náà mọ ìjì Èkó. Nígbà tí òjò bá fẹ́ wọlé, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, ni ó máa ń le jù. Láti ìlà oòrùn ló sábà máa ń wá, ẹ̀fúùfù á ṣáájú, òjò á tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dúró de àsìkò. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2012, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń retí òjò, ìjì kan jà ní Èkó, ó wó igi, ó ṣí òrùlé ilé àti ti ilé ìwé, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, òjò rọ̀ débi pé omi gba ìgboro, àwọn èèyàn kú sínú àgbàrá.

Ojú àwa tí a ń kan òrùlé ni ẹ fi máa mọ ohun tí ìjì ń ṣe. Létí ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fúùfù á wọ abẹ́ ibi tí páànù yọ jáde lára ògiri, á máa tì í sókè, bí ìṣó kan bá ti fà yọ, èkejì á tẹ̀ lé e. Ilé tí wọ́n fi òkúta àti táyà àtijọ́ tẹ páànù rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé etí omi ṣe wà, ewu méjì ló gbé lórí: páànù lè fò, òkúta náà sì lè já lu ẹni tó ń kọjá lọ. Páànù tó ń fò kò yàtọ̀ sí àdá. Ọmọ iléèwé tó ń sáré bọ̀ nílé nínú òjò kì í wòkè.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. A ti fi òfin lélẹ̀ nínú ẹgbẹ́ pé bí àrá bá ti sán tí a gbọ́ ọ, kí gbogbo èèyàn sọ̀kalẹ̀, kí a má sì gun òkè mọ́ títí yóò fi pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. A ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ láti máa kà á: bí mànàmáná bá kọ tí o ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí àrá tó sán, kìlómítà kan péré ló fi jìnnà sí ọ. Páànù tí a kò tíì kàn kì í sùn sórí ilé mọ́, a máa ń dì í lókùn sílẹ̀.

Ibi tí agbára wa kò ká la ṣe ń bẹ̀ yín.

Ẹ bá wa yan ẹnì kan ní káńsù tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ pé kó máa gba ìkìlọ̀ NiMet láràárọ̀, kó sọ ọ́ ní Yorùbá, ní èdè Ègùn fún àwọn ará etí omi, àti ní Pidgin, kó sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ti àwọn ìyálọ́jà àti ti àwọn onílé. Kó tó di aago méje ni kó ti dé, torí lẹ́yìn ìyẹn a ti wà lórí àkàbà. Ohùn ni kó jẹ́, kì í ṣe ìwé kíkà, nítorí àwọn ọ̀gá wa kan tí iṣẹ́ wọn dára jù ni kò mọ̀wé kà. Èyí tí ìjì bá yọjú lójijì lọ́sàn-án ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ látinú sípíkà ní ọjà Òyìngbò, kí a sì bẹ àwọn mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì láti fi tiwọn ràn wá lọ́wọ́. Kí wọ́n ta àsìá pupa sókè ní ọ́fíìsì wáàdù kọ̀ọ̀kan. Lórí òrùlé, a máa ń rí ọ̀nà jíjìn. Bí àsìá bá wà lókè, a ó rí i.

Ẹ̀bẹ̀ wa kejì ló ká wa lára jù. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nítorí ìkìlọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ebi jẹ ẹ́ níyà. A mọ̀ pé ìpínlẹ̀ ló ń fún èèyàn níwèé àṣẹ ilé kíkọ́, a kò ní kí ẹ gbé ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín. Ìwé ìkéde tó ní òǹtẹ̀ káńsù là ń tọrọ, tí CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, yóò kà sétí gbogbo onílé àti agbaṣẹ́ṣe: pé lọ́jọ́ tí ìkìlọ̀ ìjì bá jáde, kí ẹnikẹ́ni má fi dandan mú òṣìṣẹ́ gun òkè, kí wọ́n má sì yọ owó rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí iṣẹ́ dúró. Bí ọ̀gá iṣẹ́ bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lápò, yóò lẹ́nu láti fi sọ̀rọ̀. Ká ní a ní in lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, à bá fi han ẹni tó dúró nísàlẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn ìjì náà, ẹ bá wa sọ fún àwọn ará àdúgbò kí wọ́n má pè wá sórí òrùlé tí wáyà iná bá já lé kó tó di pé wọ́n pa iná àdúgbò, kí wọ́n kọ́kọ́ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112. Ti gọ́tà, ẹ ti mọ̀ ọ́n: kí wọ́n kó o kí oṣù Kẹta tó wọlé, kí wọ́n sì wá ìdérí fún èyí tó ṣí sílẹ̀, torí nígbà tí omi bá bo títì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí gọ́tà wà.

A kò wá lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá fún wa láyè, ẹgbẹ́ wa yóò yẹ òrùlé gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà lábẹ́ yín wò kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a ó sì kan èyí tó bá ti ń ṣí láìgba owó iṣẹ́. Ìṣó àti páànù nìkan ni káńsù yóò pèsè. Èèyàn mẹ́ta nínú wa yóò wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dá fún wa, a ó sì mú ọmọ tí apá rẹ̀ dá yẹn dání, ó ní òun fẹ́ fẹnu ara òun sọ ọ́ fún yín.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,

Alága Ẹgbẹ́
Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Aṣojú Àwọn Ọmọ Iṣẹ́