Lẹ́tà ìparí Sáà Kejì: ọ̀rọ̀ ìjà ẹnu ẹ̀rọ omi àti Wákàtí Ìwé Kíkà

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Ilé-ìwé,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wa rí òpin sáà yìí ní àlàáfíà ara, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà fún àdúrótì yín.

Èsì ìdánwò yóò wà lọ́wọ́ àwọn tíṣà kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni tí kò bá tíì san owó ilé-ìwé tán kò ní rí i gbà. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife eré ìdárayá, Ilé Pupa ṣe ìkejì. Àwọn Pírámárì 5 gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ, kò sí ẹni tó fara pa. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun ti parí. Bọ́ọ̀sì Ọ̀bà-Ilé yóò máa gbéra ní aago méjì ààbọ̀ láti sáà tó ń bọ̀. Ìsinmi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi lọ́kàn gan-an ló kù yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ọmọ Pírámárì 4 mẹ́ta ń sín ẹnìkejì wọn tó máa ń kólòlò jẹ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Bó bá ti yanu, wọn á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọn á máa fà á bó ṣe ń fà á. Ó fara dà á títí, nígbà tó yá ó la ike omi rẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn lórí. Ojú mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì rán an. Ọgbẹ́ náà ti jinná. Lọ́jọ́ kejì, òbí kan gba géètì wọlé láìyà sí ọ́fíìsì, ó wọ kíláàsì lọ tààrà, ó sì gbá ọmọ ọlọ́mọ létí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òbí náà ti wá bẹ̀bẹ̀, a sì ti gbà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wa gbọ́: òbí tó bá tún fọwọ́ kan ọmọ ẹlòmíràn nínú ọgbà yìí, kó bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé-ìwé mìíràn fún ọmọ tirẹ̀. Títì ni géètì yóò máa wà láti aago mẹ́jọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lórí WhatsApp, pé àlọ́ ni a ń kà fún ọmọ tó yẹ ká nà. Mo fẹ́ dáhùn. A fìyà jẹ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko wọn kò bá ẹgbẹ́ ṣeré, àwọn ló ń gbá ẹnu ẹ̀rọ omi náà, a sì ránṣẹ́ pe àwọn òbí wọn. A kò fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Àmọ́ ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ, mo ti mú pàṣán rí, mo sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọmọ tí a nà mọ bó ṣe dun òun. Bó ṣe dun ẹnìkejì ni a ń wá kó mọ̀, ibẹ̀ sì ni Wákàtí Ìwé Kíkà wa ti wúlò.

Ọjọ́rú ni, ní yàrá tí a ń kó àga tó kán sí tẹ́lẹ̀. Àwọn tíṣà fúnra wọn ló kùn ún, tí wọ́n kan pẹpẹ sí ògiri; ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí wọn tí ẹ bá wá gba èsì, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára púpọ̀. Tíṣà á ka ìtàn dé ìdajì, á pa ìwé dé, á sì bi àwọn ọmọ léèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí wọ́n ń kà nípa rẹ̀. Kì í sọ ẹ̀kọ́ ìtàn fún wọn. Mo mọ̀ pé àlọ́ ilé wa kì í tán láìsọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ló máa ń bá a délé.

Mo jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ kan. Ìtàn Ìjàpá àti Ajá ni. Wọ́n kà á dé ibi tí Ìjàpá ti ń ké nínú oko olóko, iṣu tó jí gbé wúwo lórí rẹ̀, Ajá sì ti sá lọ. Tíṣà bèèrè pé ta ló jẹ̀bi. Kíláàsì pariwo pé Ìjàpá ni, olè ni, ọ̀kánjúwà ni. Ọmọ wa tó ń kólòlò nawọ́. Ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Mo rí ọmọ tó jẹ́ pé báńdéèjì ṣì wà lórí rẹ̀. Ọmọ yìí yanu bí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì tún pa á dé. Gbogbo wọn dúró de ọmọ tó ń kólòlò náà, ó sì sọ ọ́ tán: "Ajá mọ̀ pé ẹrù yẹn wúwo kó tó lọ."

Ẹ má ṣe rò pé èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, Jella Lepman, obìnrin Júù tó ti sá kúrò ní Jámánì nítorí Hitler, padà síbẹ̀. Ilé ti wó, ebi ń pa ọmọ, síbẹ̀ ó kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè 20 pé kí wọ́n fi ìwé ọmọdé ránṣẹ́. Bẹ́ljíọ̀mù kọ́kọ́ kọ̀, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Jámánì ti kógun wọ ilẹ̀ wọn. Ó tún kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́. Ní 1946 ó pàtẹ àwọn ìwé náà ní Munich. Ní 1949 ó fi ṣe ilé ìkàwé ọmọdé tó wà títí dòní. Bí ìwé bá wúlò fún ọmọ tí àwọn baba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé, kò lè ṣaláì wúlò fún ọmọ Alágbàká àti Òkè-Àró.

Nítorí náà, láti sáà kẹta, ₦2,500 ni owó ìwé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kẹta láti ilé kan náà kò ní san. Ẹni tí kò bá rọrùn fún lè mú ìwé ọmọdé méjì tó ṣì dáa wá dípò rẹ̀, kódà bó jẹ́ òkìrìkà láti Ọjà Ọba. Ìdajì ìwé tí a ó rà yóò jẹ́ ti Yorùbá. Ìpínlẹ̀ tí Òkè-Igbó, ìlú Fágúnwà, wà nínú rẹ̀ ni tiwa, ó sì ń dùn mí bí ọmọ Pírámárì 6 kò bá lè ka ojú ewé kan ní èdè ìyá rẹ̀. Àkókò ìṣirò kò dín ní ìṣẹ́jú kan. Owó yìí kò ní yí padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá bá mi ná an.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú ìwé kan bọ̀ wálé fún ìsinmi. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ bá a kà á. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí a bá wọlé ni kí ìwé náà padà, láìya.

Ẹ kú ìsinmi o. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ìwé