Ta ló ní Èkó nìkan ni páìlì wà fún?

Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kan tó ń bójú tó ètò ilé kíkọ́ sọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bí mi nínú. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí ògiri ilé ń là káàkiri àkúrò ẹ̀bá odò Èsìnmìrìn nílùú Ifẹ̀ wa yìí. Ó ní páìlì, ìyẹn òpó gígùn tí wọ́n ń rì wọ inú ilẹ̀ kí ilé lè dúró lé e, ni ì bá gbà wọ́n, àmọ́ nǹkan ayé òde òní ni, afárá Èkó ni wọ́n ń lò ó fún.

Òde òní wo? Láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Venice, ìlú orí omi nílẹ̀ Italy, ti ń ri òpó igi mọ́ inú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Ààfin kan wà ní Amsterdam tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1648, òpó igi 13,659 ló gbé e dúró títí di òní. Omi tó bò ó ni kì í jẹ́ kí igi náà jẹrà, torí afẹ́fẹ́ kì í débẹ̀. Ìgbà tí omi bá fà ni wàhálà dé. Ní 1845, ẹ̀rọ tí ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ James Nasmyth ṣe ti ń fi agbára ooru omi gbá òpó wọlẹ̀ ní Devonport, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣebí orí òpó náà ni àwọn Ègùn ń gbé ní Makoko?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: kò sẹ́ni tó ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí pílánù. Ládùúgbò wa, mo rí bíríkìlà tó ń fi ike ọ̀dà gbọ́n omi nínú kòtò fandéṣọ̀n, tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń da kọnkéré sí apá kejì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni o! Kó tó gba ọ̀dà, ògiri ti là láti fèrèsé dé ilẹ̀, àtàǹpàkò mi wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí kápẹ́ńtà fá ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì mọ́, wọ́n fi símẹ́ǹtì dí ibi tó là, wọ́n kùn ún. Ayálégbé ti wọlé. Aládùúgbò onílé náà tí ilẹ̀ tirẹ̀ le koko ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀.

Mi ò ní kí gbogbo ilé ní páìlì. Lọ́pọ̀ ibi ní Ifẹ̀, àpáta ò jìnnà. Bí wọ́n bá kó ẹrẹ̀ kúrò títí kan ilẹ̀ líle, ó parí. Ibi tí ẹrẹ̀ bá jìn gan-an ni kí òpó kọnkéré ti lọ bá ilẹ̀ líle nísàlẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀yàtọ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó wo ilẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ gbàwé àṣẹ, kó kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ rẹ̀ àti àárín, nígbà òjò tí omi ilẹ̀ ga. Kí òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí pílánù wá fúnra rẹ̀, kó wọn ibi tí omi dúró sí, kó wo ohun tí wọ́n hú jáde, kó ya fọ́tò rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò sì fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n mọ inú ilẹ̀ ìlú yìí ju ọ̀pọ̀ ẹnjiníà lọ.

Kí wọ́n dá àwọn bíríkìlà lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀ náà, ẹ yé ta àbàtà fún àlejò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Olùkọ́ ilé kíkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ilé-Ifẹ̀.