Gémù tó ń dẹ́rù bani kì í ṣe ìranù

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí tipẹ́. Níbí l'Adó-Èkìtì, tí àwọn àgbà bá rí ọmọ tó ń gbá gémù tí iwin wà nínú ẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀mí òkùnkùn ti wọlé, àwọn ojúgbà ọmọ náà gan-an á ní irú gémù wo lèyí tí kò sí góòlù tí kò sí ìbọn. Irú ẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù, mo mọ nǹkan tí mò ń rí níbẹ̀.

Ẹ wo Detention, tí àwọn Red Candle Games ní Taiwan gbé jáde ní 2017. Ilé-ìwé kan láàárín òkè ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí òfin ológun ṣì wà lórí wọn, òfin yẹn wà níbẹ̀ láti 1949 di 1987, tí wọ́n bá ká ìwé tí ìjọba fòfin dè mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ó lè dẹ́wọ̀n, ó sì lè di ikú. Ọmọbìnrin tí ẹ máa darí ò ní ohun ìjà kankan. Tí òkú bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ máa sé èémí ni, kí ẹ rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, èémí ọ̀hún ò sì ṣeé sé pẹ́. Nígbà míì ẹ máa gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́ lẹ máa bá tiyín lọ. Ta ló mọ ẹbọ oríta nílẹ̀ wa tí ibẹ̀ ò ní yé? Ṣùgbọ́n ohun tó bani lẹ́rù jù nínú ẹ̀ kì í ṣe òkú yẹn, bí èèyàn ṣe ń tú àṣírí ẹnìkejì ẹ̀ fún ìjọba ni. Mi ò ní sọ ìparí ẹ̀ o, torí ẹni tó bá fẹ́ gbá a.

Amnesia tí àwọn ará Sweden ṣe ní 2010 náà ńkọ́, ẹ ò lè bá nǹkan kan jà níbẹ̀, sísá àti fífarapamọ́ ni, epo àtùpà ń tán lọ, tí ẹ bá sì pẹ́ jù nínú òkùnkùn orí ẹni tí ẹ ń darí á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ ẹ. Ní gémù sẹ́ńtà, máàṣì kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń sanwó fún, ariwo, àríyànjiyàn, ẹni tó bá fìdí rẹmi á dìde fún ẹlòmíì. Gémù ìtàn fẹ́ kí ẹ dá jókòó, kí ẹ ki íàfóònù bọtí, kí ẹ ní sùúrù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sì sí ife ẹ̀yẹ níbẹ̀.

Ohun tó wá ń ká mi lára jù ni pé àwa náà ní tiwa. Ẹ ro egbére wò nínú gémù, kó máa sunkún nínú igbó lóru, kí ẹ máa gbọ́ ẹkún ẹ̀ ní etí òsì, kó tó yà sí ọ̀tún, ẹni tó bá gba ẹní ẹ̀ máa lówó, ṣùgbọ́n ṣé ẹ máa lè fara da ẹkún yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́? Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì wa l'Ékìtì níbí lè ṣe é, èèyàn díẹ̀ náà ló ṣe Detention.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ yọ̀ǹda igun kan nínú ìwé ìròyìn yín fún irú gémù báyìí, bí ẹ ṣe ń ṣe fún fíìmù, kí ọmọ tó bá ń ṣe ọ̀kan lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀ lè rí ibi tó máa ti jẹ́ ká mọ̀.

Olùkàwé yín,
Adó-Èkìtì