Ọ́ìlì Bíréèkì Sùkútà: Bíbù Sí I Nìkan Kò Tó

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìròyìn yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ràn kan tó jáde ní ojú ewé ọkọ̀ àti alùpùpù yín ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ ti sọ pé bí ọ́ìlì bíréèkì sùkútà bá ti lọ sílẹ̀, kí ẹni tó ni ín bu òmíràn sí i títí yóò fi kún, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ire ni ẹ fẹ́ fún wa, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn kò pé, àìpé rẹ̀ sì lè já sí ewu, nítorí irú rẹ̀ gan-an ni mo tẹ̀ lé fún ọdún mẹ́rin kí ojú mi tó là.

Kí ló ń mú ọ́ìlì náà lọ sílẹ̀? Nígbà tí a bá fa bíréèkì, písítìnì kékeré tó wà lókè níbi ọwọ́ á ti ọ́ìlì gba inú rọ́bà lọ sísàlẹ̀, ọ́ìlì á ti písítìnì tó tóbi jù ú lọ nínú kálípà (irin tó gbé páàdì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà), ìyẹn á sì mú kí páàdì méjì fún dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, lọ́tùn-ún lósì. Bí páàdì bá ṣe ń jẹ ni písítìnì kálípà ń yọ síta díẹ̀díẹ̀, tí ọ́ìlì sì ń lọ dí àyè tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì fi ń relẹ̀ nínú ike òkè tí a ń bù ú sí, láìjẹ́ pé ó ń jò. Iṣẹ́ ló ń jẹ́ fún wa pé kí a lọ wo páàdì. Ẹni tó bá bu òmíràn kún un láìwo páàdì ti pa ìránṣẹ́ lẹ́nu mọ́ nìyẹn, lọ́jọ́ tó bá sì fi páàdì tuntun sí i, tí wọ́n ti písítìnì padà sínú, ọ́ìlì á kún àkúnya, á dà sára sùkútà, á sì bó ọ̀dà ibẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá tètè fi omi ṣan án. Bí ọ́ìlì bá wá lọ sílẹ̀ nígbà tí páàdì ṣì nípọn, a jẹ́ pé ó ń jò níbì kan, a kò sì gbọdọ̀ gun sùkútà náà títí a ó fi rí ibi tó ti ń jò.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìmọ̀ràn náà ni pé kò mẹ́nu ba bí ọ́ìlì ṣe pẹ́ tó rárá. Ọ́ìlì tí ọ̀pọ̀ sùkútà ń lò, èyí tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára, máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò. Bí omi inú rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ṣe ń tètè hó. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe DOT 4 ni pé èyí tó jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó gbóná dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n nígbà tí omi inú rẹ̀ bá ti tó bí ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 155 péré ni ìlànà náà ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti hó, oru á kóra jọ sínú rẹ̀, oru kò sì rí bí ọ́ìlì, nítorí pé oru ṣeé fún pọ̀: ẹ ó fa bíréèkì dópin, páàdì kò sì ní di dísìkì mú. Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ kan sùkútà ju alùpùpù oníjíà lọ, torí pé sùkútà tó ń lo bẹ́líìtì kò ní jíà tí a lè já sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì bá wa dín eré kù lórí ìsọ̀kalẹ̀. Bíréèkì ló ń ru ọ̀pọ̀ ẹrù yẹn.

Orí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn ni mo wà lọ́jọ́ tí tèmi já mi kulẹ̀. Láti òkè ni mo ti ń fa bíréèkì iwájú, mi ò tú u sílẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti yí, mo fà á, ó rọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni tẹ kànrìnkàn, ó sì wọlé títí tó fi kan ibi tí mo di ọwọ́ mú. Bíréèkì ẹ̀yìn, tó jẹ́ wáyà ló ń fà á, ni Ọlọ́run fi yọ mí. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tí gbogbo rẹ̀ tutù, bíréèkì iwájú le padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí, ìdí sì nìyẹn tí mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá fi sọ pé kò sí ohun tó ṣe é, tó bu ọ́ìlì díẹ̀ sí i, tó ní kí n máa lọ. Ẹlòmíràn ló ṣí ike náà lójú mi. Ọ́ìlì tó yẹ kó mọ́ gaara ti pọ́n bí omi tó ti inú agolo dípẹtà jáde, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú sì ti silẹ̀ sídìí rẹ̀. Gbogbo ọ́ìlì tuntun tí mo ti ń bù sí i fún ọdún mẹ́rin, orí ìyẹn ni mo ń bù ú lé.

Ọdún méjì méjì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sùkútà ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà, yálà a gùn ún púpọ̀ tàbí a gbé e kalẹ̀, nítorí omi kò dúró de ìrìn àjò kó tó wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le, sùúrù ló gbà. Ẹ nu etí ìdérí ike kí ẹ tó ṣí i, kí iyanrìn má baà já sínú rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè rí inú rẹ̀ sí ẹnu nọ́ọ̀tì kékeré tó ní ihò lára kálípà, kí ẹ sì ki ìdí rọ́bà náà bọ inú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fa bíréèkì, ẹ dì í mú, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀ kí ọ́ìlì ṣàn jáde, ẹ sì dì í padà kí ẹ tó fi ọwọ́ sílẹ̀, torí pé bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ lẹ ó fà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa ṣe títí ọ́ìlì tó ń jáde yóò fi mọ́, tí afẹ́fẹ́ kò ní máa ta pọ́ọ́pọ́ọ́ nínú rọ́bà mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì ike òkè tán lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá tán, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Irú èyí tí wọ́n kọ sára ìdérí ni kí ẹ rà, nínú ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. DOT 5 jẹ́ ọ́ìlì sílíkónì, kò sì gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ DOT 4, DOT 5.1 ní tirẹ̀ kò bá DOT 5 tan, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ débẹ̀ láé, torí ó ń mú kí àwọn rọ́bà inú bíréèkì wú.

Ọ̀rọ̀ páàdì àti dísìkì kò gùn. Wọ́n máa ń fín ìwọ̀n tí dísìkì kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ kọjá sí ara rẹ̀. Páàdì tí ọ́ìlì bá ti kàn, ẹ jù ú nù, fífọ̀ kò ràn án. Bí ẹ bá sì fi páàdì tuntun sí i, ẹ fa bíréèkì léraléra títí yóò fi le kí ẹ tó gbéra.

Mo wá ń bẹ̀ yín kí ẹ tún ìmọ̀ràn ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn tẹ̀ jáde pẹ̀lú àtúnṣe, lójú ewé kan náà, kí ẹ má fi sí kọ̀rọ̀. Mo ti rí ẹnì kan tó gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn yín, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tó ń gbé sùkútà rẹ̀ sí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń gun sùkútà