Nínú bírìjì, káàdì àkọ́kọ́ kò sí nínú káàdì mẹ́tàlá nìkan

Sí Olóòtú,

Mo dúpẹ́ fún àyè tí ẹ ń fún eré ọpọlọ nínú ìwé ìròyìn yín. Ní Ìkòròdú níbí, ayò àti dírááfù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Àwa díẹ̀ tí a ń ta bírìjì, eré káàdì tí ẹni méjì fi ń bá ẹni méjì díje, kì í sábà rí nǹkan kà nípa rẹ̀ ní èdè wa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ kan gbé yẹ̀ wò nínú àdánwò bírìjì tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí. Ẹ ní bí alátakò bá gba àdéhùn (iye ìkó tí wọ́n ṣèlérí láti kó) tí kò ní tíróńpù (ẹ̀yà tí ó ń gé àwọn yòókù), kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ju káàdì mú ìkẹrin láti òkè nínú ẹ̀yà (Spade, Heart, Diamond tàbí Club) tí ó gùn jù lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ìgbà tí ó yẹ kí a pa á tì.

Nínú 3NT, àdéhùn ìpele kẹta láìsí tíróńpù (No Trump), ìkó mẹ́sàn-án nínú mẹ́tàlá ni alátakò ní láti rí (ìkó kan ni káàdì mẹ́rin tí ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jù lẹ́ẹ̀kan): mẹ́fà àkọ́kọ́ kò ní máàkì, ìkeje fún un ní máàkì 40, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án ní 30-30, ọgọ́rùn-ún tí ó ń wá sì pé. Ìkó márùn-ún péré ni àwa nílò láti ba àdéhùn náà jẹ́, àti pé, níwọ̀n ìgbà tí kò sí tíróńpù tí wọn yóò fi gé wa, 3 àti 2 lásán lè di alágbára nígbà tí àwọn àgbà inú ẹ̀yà náà bá ti jáde tán. Káàdì ìkẹrin tún ń bá ẹnìkejì wa sọ̀rọ̀. Robert Foster ni a ka ìṣirò mọ́kànlá sí lọ́rùn, láti ayé whist, eré káàdì tí bírìjì ti ṣẹ̀ wá, kí Harold Vanderbilt tó ṣètò máàkì contract bridge, irú bírìjì tí a ń ta lónìí, ní 1925. Ìṣirò náà nìyí: bí a bá ju 7 láti inú Q, 10, 8, 7, 3 (A, K, Q, J ni Ace, King, Queen, Jack), kí ẹnìkejì yọ 7 kúrò nínú 11. Mẹ́rin tí ó kù ni iye káàdì tí ó ju 7 lọ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Bí ó bá rí K àti J nínú káàdì ẹnìkejì alátakò, èyí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí gbogbo wa rí, tí A àti 9 sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, ó ti mọ̀ pé alátakò tí ó ń ta àdéhùn náà kò ní èyí tí ó lè pa 7.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa pe 1NT (ìkó méje láìsí tíróńpù), tí ẹnìkejì rẹ̀ sì fò sí 3NT, tí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ Spade 10, 9, 4. Heart 8, 5. Diamond J, 7, 5, 3, 2. Àti Club 8, 6, 4. Bí a bá tẹ̀lé òfin yín, Diamond 3 ni a ó jù. Kí ni a fẹ́ fi ṣe? Bí Diamond náà tilẹ̀ di tiwa, kò sí Ace tàbí King kan lọ́wọ́ wa tí yóò mú wa padà wọlé wá kó o. Agbára gbogbo káàdì jẹ́ 40, bí a bá ka Ace sí 4, King sí 3, Queen sí 2, Jack sí 1. Ẹni tí ó pe 1NT sábà máa ń ní 15 sí 17, èyí tí ó gbé e dé 3NT sì máa ń ní 10 ó kéré tán. Bí àwọn méjèèjì bá ní 26, tí àwa ní ẹyọ kan, a jẹ́ pé 13 wà lọ́wọ́ ẹnìkejì wa. Òun ni ó ní ọ̀nà àbáwọlé (káàdì tí yóò kó ìkó kí ó lè tún jù), nítorí náà ẹ̀yà tirẹ̀ ni ó yẹ kí a máa wá. Ẹni tí ó fò tààrà sí 3NT láìbéèrè Spade tàbí Heart kì í sábà ní mẹ́rin nínú wọn, nítorí náà Spade 10 ni èmi yóò jù. Àwọn kan tí a jọ ń ta á ní Ìgbógbó ń pe èyí ní tẹ́tẹ́. Èmi ń pè é ní ìṣirò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni yóò bọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àbáwọlé yìí kan náà ni kò jẹ́ kí a sáré ju Ace. Bí a bá ní A, 9, 7, 5, 2 láìsí nǹkan gidi níbòmíràn, 5 ni kí a jù. Ká ní méjì péré ni ẹnìkejì ní nínú ẹ̀yà náà: bí a bá fi Ace ṣáájú tí a sì tún ju òmíràn tẹ̀lé e, kò ní ní èyí tí yóò dá padà fún wa nígbà tí ó bá ráyè wọlé, bí 5 bá ṣáájú, èkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ace wa sì wà níbẹ̀ láti gbà á.

Ti K, Q, J kò nílò àròyé: King ni, kí alátakò má baà fi 10 kó ìkó ọ̀fẹ́. K, Q, 8, 5, 3 ní àlàfo nínú, 5 ni a ó jù níbẹ̀. Bí ẹnìkejì bá sì ti pe ẹ̀yà kan, kí a ju ẹ̀yà náà, àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà.

Olóòtú, àdánwò tí ẹ tẹ̀ jáde kò ní ìpè kankan nínú, káàdì mẹ́tàlá nìkan ni ẹ fi hàn wá. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà mìíràn, ẹ tẹ ohun tí ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pè mọ́ ọn, kí òǹkàwé lè mọ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó yan káàdì.

Èmi ni tiyín,
Atabírìjì kan, Ìkòròdú