Bírò Pupa Lára Ìwé Eré Mi

Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ilẹ̀ Kánádà. O bi mí nínú lẹ́tà rẹ ìdí tí eré mi kò fi tíì dórí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ tán lórí fóònù ni mo ṣe gbé gègé.

Ìjọba kò fòfin de eré náà o. Ẹni tó fẹ́ fún wa ní gbọ̀ngàn àti owó ọkọ̀ ló ní kí n fi ìwé náà ránṣẹ́ kí òun kọ́kọ́ kà á. Nígbà tó dá a padà, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sí ojú ìwé 21, níbi tí baálẹ̀ ti ń ka owó títì sínú àpò agbádá rẹ̀, tí ìyá alákàrà sì bi í pé, "Bàbá, ṣé inú àpò yín ni mọ́tò yóò máa gbà kọjá ni?" Ó kọ ọ́ sí etí ìwé pé kí n yọ ọ́, kí wọ́n má baà rò pé ẹnì kan là ń bá wí. Mo yọ ọ́, Àjàní. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré orí ìtàgé, kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ìwọ náà mọ̀ pé ní ọdún 1964, nígbà tí wọ́n pè é wá ṣeré níbi ìfilọ́lẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tó sì gbé eré Yorùbá Ronú kalẹ̀ níwájú Olóyè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, inú bí olóyè, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, tí Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1966 ni Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun, tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn mọ́ Ògúndé, ṣùgbọ́n kò pa ẹnu mọ́. Àkókò tí òfin náà ṣì wà gan-an ló gbé eré Òtítọ́ Korò jáde. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀kùn mọ́, bírò ẹyọ kan ló pa mí lẹ́nu mọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé orin kan tí Eedris Abdulkareem kọ sáfẹ́fẹ́. Inú fóònù àwọn ọmọ tó ń ta káàdì ní Ọjà Ọba ni mo ti gbọ́ ọ. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní déètì, ó ní ẹni tó buwọ́ lù ú, ènìyàn sì lè gbé ẹ̀ka 39 ìwé òfin ọdún 1999, tó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn wa, lọ bá a ní kóòtù. Kóòtù wo ni kí n gbé bírò pupa lọ? Àwọn àgbà ní ọba kì í mú ọ̀kọrin; wọn kò sọ ohun tí ọ̀kọrin yóò jẹ bí olówó bá káwọ́ kò.

Lánàá, mo dá ìyá alákàrà padà sáyè rẹ̀. Gbọ̀ngàn ti bọ́ nìyẹn. Àgbàlá kan ní Ọ̀bà-Ilé la ó ti ṣe é, lórí àga àyálò. Mo fi ojú ìwé 21 náà há inú lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́ kà á, kí o sì sọ fún mi bóyá ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ múná tó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànní.