Ọmọlanke Ọjọ́sí

Mararaba,
Ìpínlẹ̀ Násáráwá.
Oṣù Kejìlá.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Kánádà ńkọ́? Ọyẹ́ ti dé síbí náà, ètè ń là, eruku ti bo gbogbo fèrèsé. Màmá ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ṣé o ṣì ń rántí kósé, àkàrà àwọn Hausa, àbí búrẹ́dì òyìnbó ti gba ipò rẹ̀.

Nǹkan kan ló jẹ́ kí n kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò muná wá, ẹ̀rọ tó ń fa omi ilé wa kò sì rí iná lò. Ni mo bá pe ọmọ mairuwa kan, àwọn tó ń fi ọmọlanke ta omi kiri, tó ń kọjá, mo ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá. Ọmọ náà ò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Bó ṣe ń dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, mo bá a gbé ọ̀kan. Ṣé o mọ bá a ṣe máa ń ṣe é: kẹ́ẹ̀gì á kọ́kọ́ jókòó sórí itan, itan á tì í sókè, èjìká á gbà á. Omi lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ara mi ò tíì gbàgbé o! Ọmọ náà wò mí títí, ó ní, "Oga, wa ya koya maka?" Ìyẹn ni pé, ta ló kọ́ ẹ? Mo ní èmi náà tà á rí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò gbà mí gbọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹ̀ padà wá. Ọdún 2006, tí wọ́n lé ọ̀kadà kúrò nígboro Àbújá. Bàbá mi ta ọ̀kadà wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ wáṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún oṣù méjì. Oṣù méjì di ọdún mẹ́ta. Owó kókó, ìyẹn ẹ̀kọ gbígbóná, àti kósé tí Màmá ń tà lójú títì kò tó wa jẹun, ká má tíì wá sọ owó WAEC. Ìyẹn ni mo ṣe lọ yá ọmọlanke lọ́dọ̀ Baba ará Kàtsínà, tí mo ń sanwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, táyà fọ́, ọmọlanke dojú dé, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta bẹ́. Inú ẹrẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń sunkún. Baba kò gbowó ọjọ́ yẹn. Ó kàn ní, "Sai hakuri," pé kí n ṣáà ní sùúrù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú táyà. Bí mo ṣe rí okun dìde ní ìdájí ọjọ́ kejì, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ dòní.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn kan máa ń jẹ́rìí pé ìyà ló sọ àwọn dèèyàn. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyà kọ́ mi tí mi ò lè fi ikùn tó yó kọ́? Àwọn tó dúró tì mí nínú ẹ̀ ni mo jẹ lọ́pẹ́, ìwọ sì wà lára wọn.

Ṣé o rántí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, nítòsí ọjà? Àwọn ọmọ kíláàsì wa ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo ti ń wá ibi tí màá sá gbà. O ò sọ̀rọ̀. O kàn gba ọmọlanke lọ́wọ́ mi, o ń tì í lọ, o ní kí n máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó pàdé ẹ lọ́nà. Ìwọ tí bàbá rẹ ní mọ́tò! "Mairuwa" ni wọ́n ń pè ọ́ títí táàmù fi parí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, Àkànní. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Mo bá wọn fi ọ́ rẹ́rìn-ín, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí.

O ṣeun. Ó ti pẹ́ jù, àmọ́ o ṣeun.

Níbí, owó mọ́tò dé Wuse ní Àbújá ti di ohun tí à ń ṣírò kó tó di pé a jáde, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023. Ṣùgbọ́n à ń rí i san, ara wa sì le.

Tó o bá ń fèsì, sọ fún mi: ṣé ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá rẹ nílé? Kí lo wí fún wọn?

Èmi ni,
Àjàní.